Báwo ni mo ṣe lè yan búrẹ́dì Faransé nílé, ní Abẹ́òkúta, láìsí bọ́tà àti ṣúgà?

Kò nílò wọn rárá. Ẹ po fúláwà 500 gíráàmù, omi 330, iyọ̀ 10 àti yíìsì 5. Omi inú fíríìjì ni kí ẹ lò, torí ooru Abẹ́òkúta máa ń mú un tètè wú jù, adùn rẹ̀ a sì dínkù. Bó bá wú di ìlọ́po méjì, ẹ nà án gbọọrọ, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi abẹ là á lórí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: ààrò gbọ́dọ̀ gbóná dé 230°C, pẹ̀lú abọ́ omi híhó nísàlẹ̀. Oru omi náà ló ń jẹ́ kó wú dáadáa kí èèpo rẹ̀ tó le. Ẹ yọ abọ́ náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10. Bó bá tún lo 15, ó ti jinná. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá o, èèpo rẹ̀ á rọ̀!