Kí Ẹ Tó Gbẹ́sẹ̀ Sáré, Ọkàn Yín Ti Gbọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó dé lórí eré ìdárayá pọ̀ gan-an lóṣù yìí, mẹ́ta ni mo rí dáhùn, èyí àkọ́kọ́ ni màá sì pẹ́ lé lórí jù, torí ẹni tó kọ ọ́ ti fẹ́ pa eré tì, ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe pé ara rẹ̀ kọ̀ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún 52 ni mí, télọ̀ ni mí ládùúgbò Tákíè níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti àárọ̀ dalẹ́ ìdí máṣíìnì ni mo máa ń wà. Oṣù tó kọjá làwọn ọ̀rẹ́ mi fà mí wọ ẹgbẹ́ tó ń sáré láàárọ̀ Sátidé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé mi ò ní tíì sáré rárá o, bí mo bá ṣe ń so okùn bàtà báyìí, àyà mi á ti máa lù kìkì. Tá a bá wá sáré díẹ̀, mà á máa mí hẹlẹhẹlẹ bíi pé afẹ́fẹ́ ti tán láyé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kàn dúró gbagidi kí n sinmi ni òòyì bá kọ́ mi, ọ̀rẹ́ mi ló gbá mi mú tí mi ò fi ṣubú. Ìyàwó mi ní àrùn ọkàn ni, kí n jókòó sílé. Ẹ gbà mí o mà. (Télọ̀, Tákíè)

ÌDÁHÙN: Bàbá télọ̀, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ bá mi kí ìyá ilé náà, ìfẹ́ yín ló ń dẹ́rù bà á, ṣùgbọ́n ti jíjókòó sílé yẹn, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Nínú ohun mẹ́ta tẹ́ ẹ kọ yìí, méjì jẹ́ iṣẹ́ tí ara ń ṣe bó ṣe yẹ kó ṣe é, ìkẹta nìkan ni àṣìṣe wà, ó sì ní àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àyà tó ń lù kìkì. Lápá òkè ọkàn lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹran bíńtín kan wà níbẹ̀ tó ń ta ọkàn jí, kò dúró de ẹnì kankan kó tó ṣe é. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ara rẹ̀, á lù tó nǹkan bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ka tiyín níbi tẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́ sí nídìí máṣíìnì, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bá 70 tàbí 75. Kí ló fà á wálẹ̀? Iṣan kan tó ń jẹ́ vagus ló ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọrùn kọjá dé ọkàn, òun ló ń tẹ búrékì mọ́ ọn tọ̀sán-tòru. Lọ́dún 1921, Otto Loewi, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ nílùú Graz ní Austria, fi ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ méjì dán an wò. Ó ta iṣan vagus tọ̀kan jí, ọkàn yẹn falẹ̀, ó wá gbé omi tó wà lára ọkàn yẹn sórí ìkejì, ìkejì náà falẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan iṣan tiẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé omi kan ni iṣan náà ń tú jáde tó fi ń rán ọkàn níṣẹ́, òun àti Henry Dale, onímọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1936.

Tẹ́ ẹ bá wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ń so okùn bàtà, ọpọlọ yín ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ, ó ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí búrékì. Gbogbo ohun tó ń lù kìkì yẹn ò ju ìyẹn lọ. Ìyàwó ilé tó gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, ṣé yóò dúró kí àlejò jókòó tán kó tó gbé omi kaná ni? Tí eré bá wá le sí i, tí ọkàn ti ń lù tó 100 sókè, adrenaline, omi kan tó ń jáde láti orí kíndìnrín, àti iṣan mìíràn tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ọkàn á wá máa tẹ iná mọ́ ọn.

Mo dán an wò lára èmi náà kí n tó kọ èsì yìí, nídìí odó iyán lẹ́yìn ilé mi. Mo jókòó sórí àpótí, mo fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ lábẹ́ àtàǹpàkò, mo kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15, mo ṣe é nílọ̀ọ́po mẹ́rin, ó jẹ́ 76. Mo dìde, mo di ọmọ odó mú, mi ò tíì gún nǹkan kan o, 88. Mo wá gún un fún ìṣẹ́jú méjì, àwọn tó ń gún iyán mọ bí èèyàn ṣe ń ṣe "hùn" bí ọmọ odó bá ti ń balẹ̀, tí èémí á máa bá a rìn, mo kà á, 116. Iṣu ò tíì fọ́ tán lójú odó.

Èémí náà, bákan náà ló rí. Lọ́dún 1913 ni àwọn onímọ̀ méjì, August Krogh àti Lindhard, ní Dẹ́nímákì gbé èèyàn sórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń wọn agbára, bí onítọ̀hún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wà á báyìí ni mímí rẹ̀ fò sókè lójú ẹsẹ̀, kò tíì sí àyè fún ìdọ̀tí tí iṣẹ́ ẹsẹ̀ ń mú jáde láti dé inú ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ tó ń pàṣẹ fún ẹsẹ̀ pé kó rìn, ó ń pàṣẹ fún àyà náà nígbà kan náà, oríkèé àti iṣan ẹsẹ̀ náà sì ń ránṣẹ́ padà sókè pé àwọn ti ń ṣiṣẹ́ o.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé torí ọ́síjìn ti tán lára la ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò rí bẹ́ẹ̀. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ọkàn jáde kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù tó bá ń sáré bí ẹ ṣe ń sá a yẹn. Ohun tí ọpọlọ ń ṣọ́ lójú méjèèjì ni carbon dioxide, èéfín tó ń jáde nígbà tí ẹran ara bá ń jóná ṣiṣẹ́. Àwọn onímọ̀ méjì, Haldane àti Priestley, ló fi èyí hàn lọ́dún 1905. Tí èéfín yìí bá fẹ́ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á fẹ́ máa kan díẹ̀ bí ògì tó pẹ́ nínú omi, ibi tó ń ṣọ́ ọ nídìí ọpọlọ á ní kí àyà ṣiṣẹ́ kíá kó kó o dà nù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kéékèèké mìíràn tún wà lọ́rùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sórí, àwọn yẹn ń tọ́ ọ́síjìn wò, iṣẹ́ lórí wọn ni Corneille Heymans ará Bẹ́ljíọ̀mù fi gba Nobel ti 1938.

Ẹ wo bó ṣe pọ̀ tó. Tẹ́ ẹ bá jókòó, èémí kan ò ju ààbọ̀ lítà lọ, ọ̀rá píọ̀-wọ́tà kan péré, ẹ sì ń mí bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó lágbára tó ń sáré tipátipá lè fa lítà 2 ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó mí ju ìgbà 40 lọ, tí àpapọ̀ rẹ̀ á ju 100 lítà lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn odindi báàgì píọ̀-wọ́tà mẹ́wàá. Ọkàn náà á sún ẹ̀jẹ̀ tí ì bá jẹ́ lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan lọ sí 15, 20. Nítorí náà mímí hẹlẹhẹlẹ yẹn, iṣẹ́ ńlá ni ara yín ń ṣe fún yín.

Òòyì wá ńkọ́? Bí ẹsẹ̀ ṣe ń sáré, iṣan rẹ̀ ń fún ẹ̀jẹ̀ padà sókè sí ọkàn, gbogbo òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ló sì ti là gbàgà. Ẹ bá dúró gbagidi, fífún dáwọ́ dúró, òpó ṣì là síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á jókòó sẹ́sẹ̀, èyí tó yẹ kó dé orí ò ní tó, òòyì dé nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá sáré tán ẹ máa rìn jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé kí èèyàn yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú 220 láti mọ iye tí ọkàn rẹ̀ lè lù jù lọ ní ìṣẹ́jú kan, tiyín á jẹ́ 168, ìṣirò gbéfẹ́ẹ́ ni o, ara ò dọ́gba, ṣùgbọ́n nísinsìnyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìlù ọkàn yín kọjá 118 tàbí 120. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ ka nǹkan kan, ẹ máa bá ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń sáré, tẹ́ ẹ bá lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tẹ́ ẹ ò lè kọrin, ibẹ̀ ló dáa.

Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ní ọdún 52, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò kí Sátidé tó ń bọ̀ tó pé. Tí àyà bá sì ń dùn yín tàbí tó ń fún yín mọ́ra, tó ń tàn dé apá tàbí àgbọ̀n, tẹ́ ẹ bá dákú nígbà tẹ́ ẹ ń sáré lọ́wọ́, tàbí tí èémí ò délẹ̀ tẹ́ ẹ bá sùn gbalaja, ẹ má kọ lẹ́tà sí mi, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ mà, bọ́ọ̀lù ni mò ń gbá ní LAUTECH. Mo ka ọkàn mi láàárọ̀ kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, 52 ni mo bá, rúùmù-méètì mi ní ọkàn mi ti ń rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Àti pé tá a bá ń lúwẹ̀ẹ́ lódò mo máa ń mí kíákíá bí ìgbà 20 kí n lè pẹ́ lábẹ́ omi, ṣé ó dáa?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ọkàn rẹ ò rẹ̀ rárá. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́, ọkàn rẹ̀ á tóbi sí i, ẹ̀jẹ̀ tó ń sún lẹ́ẹ̀kan á pọ̀ ju tẹlòmíì lọ, kò nílò kó máa sáré. Àfi tó bá jẹ́ pé òòyì ń kọ́ ẹ tàbí o ń dákú ló tó ọ̀rọ̀ dókítà.

Ṣùgbọ́n ti inú omi yẹn, jọ̀wọ́, dá a dúró lónìí. Mímí kíákíá yẹn ò fi ọ́síjìn tó láárí kún un, carbon dioxide lò ń kó dà nù, carbon dioxide yẹn gan-an ló sì máa ń pariwo fún ọpọlọ pé jáde sókè kí o mí. O ti pa ẹni tó ń pariwo lẹ́nu mọ́. Ọ́síjìn á tán díẹ̀díẹ̀ láìsí ìkìlọ̀, o lè dákú lábẹ́ omi kó o má tiẹ̀ mọ̀ pé o fẹ́ mí. Àwọn tó mọ̀wẹ̀ dáadáa ló ń bá a lọ jù, torí ọkàn wọn balẹ̀. Sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ náà.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì, ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni mo ti ń tajà, ọmọ ọdún 63, mò ń lo atenolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ mi ra aago tó ń ka ìlù ọkàn fún mi, tí mo bá rìn títí tí mo làágùn, kì í kọjá 90. Ṣé aago náà ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Màmá, kò jọ pé aago bàjẹ́, oògùn yín ló ń ṣiṣẹ́. Atenolol ló jókòó sórí àga tí adrenaline fẹ́ jókòó sí lára ọkàn, ìyẹn ni ò jẹ́ kó sáré sókè. Ẹ má fi ìṣirò 220 yẹn wọn ara yín rárá, ti ọ̀rọ̀ sísọ ni kẹ́ ẹ máa lò. Ẹ má sì dá oògùn náà dúró lójijì nítorí aago o, ó léwu gan-an. Tẹ́ ẹ bá padà lọ rí dókítà, ẹ so aago náà mọ́wọ́, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ìgbà tẹ́ ẹ jókòó àti ìgbà tẹ́ ẹ rìn hàn án.