EF 55, 45, 52: èwo ni ká gbà gbọ́?

Ẹ fọkàn balẹ̀ ná lórí 45 yẹn. Ẹ ní EF màmá yín, nọ́ńbà tó ń sọ bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde sí, jẹ́ 55% lọ́dún tó kọjá, ó já sí 45%, ó tún wá di 52%, ẹ sì ń béèrè èwo ni òótọ́. Ó ṣeé ṣe kí ọkàn wọn má yí padà rárá, kó jẹ́ ọwọ́ àwọn tó wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀.

EF kì í ṣe máàkì ìdánwò. Ìdá ẹ̀jẹ̀ tí yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì ọkàn ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan tó bá fún pọ̀ ni. Kò sí ọkàn tó ń tú gbogbo rẹ̀ jáde; 54 sí 74 ló dáa fún obìnrin, 52 sí 72 fún ọkùnrin.

Ibi tó le nìyí. Ẹni tó ń ṣe echo, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, máa ń fa ìlà yí etí inú yàrá yẹn ká lójú ẹ̀rọ, nígbà tó kún àti nígbà tó fún pọ̀ tán. Bí ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọ̀rá bá bo àwòrán, etí yẹn ò ní hàn, ìlà á wá di àfojúdá. Kó ṣáà fà á wọnú díẹ̀ nígbà tí yàrá kún, EF á já wálẹ̀. Èèyàn méjì lè wo àwòrán kan náà kí nọ́ńbà wọn fi 5 sí 10 yàtọ̀. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ wọ̀n ọ́n, wọ́n á wò ó fìrí, wọ́n á kọ "50–55". Àwọn dókítà mọ gbogbo èyí o! Síbẹ̀ wọ́n á na ìwé síni, wọ́n á ní "ó ti lọ sílẹ̀", wọ́n á pe ẹni tó kàn.

Ẹ wo ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ṣé "biplane Simpson" ni wọ́n kọ (wọ́n fa ìlà, wọ́n wọ̀n ọ́n), àbí "visual" (wọ́n kàn fojú wò ó)? Báwo ni ọkàn ṣe ń sáré sí lọ́jọ́ náà, mélòó sì ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀? Bí ọkàn bá ń lù ségesège (AF), ìlù kan ṣoṣo ò tó, ó yẹ kí wọ́n wọn bíi 5 kí wọ́n pín in dọ́gba. Ẹ tún wo LVIDd, ìyẹn fífẹ̀ yàrá náà. Bó bá ń fẹ̀ sí i láti èsì dé èsì, ìyẹn ló yẹ kó bà yín lẹ́rù ju EF tó ń lọ tó ń bọ̀.

Ẹ gba àwòrán gan-an, kì í ṣe ìwé nìkan, kí dókítà kan ṣoṣo tò wọ́n síra wò. Bí kò bá yanjú, MRI ọkàn.

Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ má fi BNP wé NT-proBNP láé (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ bí ọkàn bá ń ṣe wàhálà ni méjèèjì), nọ́ńbà wọn ò bára mu. Sacubitril, oògùn àìlera ọkàn kan, sì máa ń gbé BNP sókè.

Torí 52, ẹ má dá oògùn dúró! Ó lè jẹ́ oògùn ló gbé e débẹ̀. Nínú ìwádìí TRED-HF, àwọn tí ọkàn wọn ti fẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó sì ti padà bọ̀ sípò ni wọ́n gba oògùn lọ́wọ́ wọn. Láàárín oṣù 6, 44% ló tún padà sídìí àìsàn. Bí ẹsẹ̀ màmá bá ń wú, tàbí tí wọ́n fi kílò 2 wúwo sí i láàárín ọjọ́ 3, ẹ má dúró de echo kankan, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ.