Ìwé Mi Ti Jáde, Mi Ò sì Lè Wò Ó Mọ́

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo tẹ ìtàn àròsọ mi àkọ́kọ́ jáde ní èdè Yorùbá. Ẹ̀dà 300 ni, owó ara mi ni mo ná. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀, mo tún rí òmíràn, ó ń pọ̀ sí i. Ní báyìí, gbogbo gbólóhùn ibẹ̀ ló ń rí bí iṣẹ́ ọmọdé lójú mi. Ẹ̀dà 210 ló kù nílé, ó sì ń ṣe mí bíi kí n dáná sun wọ́n. Àwọn tó ń yìn mí, mo gbà pé wọ́n kàn ń tù mí nínú ni. Olùkọ́, Òṣogbo."

Àbúrò mi, má dáná sun nǹkan kan. Ẹ̀dà 90 ti kúrò nílé. Bí o bá sì ti ṣe ohun tí òfin wí, mẹ́ta nínú wọn ti lọ sí National Library of Nigeria. Iná rẹ ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Owó rẹ nìkan ni yóò jó.

Ohun tó ń ṣe ọ́ máa ń ṣe ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé, ó sì nídìí. Kí ìwé tó jáde, bí gbólóhùn kan kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, wàá tún un kọ, ara á sì tù ọ́. Lẹ́yìn tó bá ti jáde, kò sí ohun tí o lè fi àìtẹ́lọ́rùn yẹn ṣe mọ́, ló bá di ìtìjú. Ìwé yẹn gan-an ló sì kọ́ ọ níṣẹ́: ẹni tó parí orí tó gbẹ̀yìn ti mọ ìtàn kọ ju ẹni tó bẹ̀rẹ̀ orí kìíní lọ. Ojú tó là sí i yìí lo fi ń kà á.

Mú ẹ̀dà kan ṣoṣo, kọ "ÀTÚNṢE" sára èèpo rẹ̀, kí o sì fi bírò pupa kà á tán lẹ́ẹ̀kan péré. Àṣìṣe ni ohun tí ẹlòmíràn náà yóò gbà pé kò tọ́: àmì ohùn tó ṣìnà, orúkọ tó yí padà láàárín ìtàn, ẹni tó kú ní orí kẹta tó tún ń jẹun ní orí keje. Ibi tó kàn ń ṣe ọ́ bíi pé o lè kọ ọ́ dáa ju báyìí lọ, kì í ṣe àṣìṣe. Fàlà sábẹ́ rẹ̀, kí o kọjá.

Mo fura pé àmì ohùn ló pọ̀ jù nínú tìrẹ, torí ibẹ̀ ni ìwé Yorùbá ti sábà máa ń bàjẹ́, ẹ̀bi òǹkọ̀wé sì kọ́ nígbà gbogbo. Kọ̀ǹpútà ní "ẹ" àti "é" gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan odindi, ṣùgbọ́n kò ní "ẹ́" tàbí "ọ̀" bẹ́ẹ̀: àmì orí wọn dá dúró, ńṣe ni wọ́n gbé e lé lẹ́tà lórí. Bí atẹ̀wé bá gbé iṣẹ́ rẹ láti inú Word sínú ètò tí òun fi ń to ìwé, tí fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) ibẹ̀ kò sì mọ àmì náà gbé, á já bọ́, á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó di àpótí òfìfo. Nítorí náà, nígbà mìíràn, PDF tó fẹ́ fi tẹ̀wé ni kí o gbà kà, kí o sì rí i pé fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀. Kí ẹnìkan máa ka ojúlówó tí o kọ sókè, kí ìwọ máa fojú bá a lọ lórí ti atẹ̀wé. Bí ìwọ nìkan bá kà á, ohun tó wà lọ́kàn rẹ lo máa rí.

Fún 210 tó wà nílẹ̀, ṣe ìwé àtúnṣe pélébé. Má jẹ́ kí ó ju àṣìṣe mẹ́wàá lọ, àwọn tó ń yí ìtumọ̀ padà nìkan: "Ojú ìwé 14, ìlà 6: ọkọ́, ẹ kà á sí ọkọ̀." Mẹ́ta á gba orí A4 kan, A4 70 ti tó. Fi gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí kan ṣoṣo, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé tó ṣáájú orí kìíní; bí gọ́ọ̀mù bá pọ̀, bébà á hunjọ. Àwọn àṣìṣe tó kù, fi wọ́n dúró de àtúntẹ̀.

Bí àṣìṣe nìkan lo bá tún ṣe nígbà àtúntẹ̀, ISBN àtijọ́, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, ni wàá lò. Bí o bá tún ìtàn náà kọ débi tó fi yàtọ̀, wàá gba tuntun. Àmọ́ má kánjú dé ibẹ̀. Chinua Achebe tẹ Arrow of God jáde ní 1964. Ó di 1974 kó tó gbé èyí tó tún ṣe jáde. Ó sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé nínú àwọn ìtàn òun, èyí ni wọ́n lè ká òun mọ́ jù pé òun jókòó ń tún kà, ibi tí òun ti ń kà á náà ni òun sì ti rí àléébù tí òun mú kúrò. Ìfẹ́ tó ní sí ìwé náà ló jẹ́ kó rí i.

Ní ti ìyìn, má bi ẹnikẹ́ni pé, "Ṣé ó dùn?" Bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo wọn á wí. Wá ẹni mẹ́ta tó ti kà á tán, kí o bi wọ́n pé: Ibo lẹ ti kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀? Orúkọ ta lẹ rántí? Kí lẹ ò gbà gbọ́ nínú rẹ̀? Ẹni tó bá sì ní òun ò tíì kà á, kò kẹ́gàn rẹ. Ọ̀pọ̀ tó ra ìwé níbi ìkójáde, nítorí tìrẹ ni wọ́n ṣe rà á. Ó lè tó ọdún kan kí wọ́n tó ṣí i. Fi bírò aláwọ̀ ewé kọ ìdáhùn wọn sínú ẹ̀dà ÀTÚNṢE. Ibi tí pupa tìrẹ àti ewé tiwọn bá ti pàdé ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe.