Ṣé Ẹ̀kọ́ Nínú Igbó Lè Fún Ọmọ Ní Ìgboyà?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ọmọ mi, ọmọ ọdún 10, máa ń bẹ̀rù ohun tuntun. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Iléṣà fẹ́ máa kó wọn lọ kẹ́kọ̀ọ́ nínú igbó. Ṣé yóò ràn án lọ́wọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí ó lọ, ìyá wa. Láti Dẹ́ńmáàkì ni àwọn olùkọ́ Bridgwater College, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti mú irú ẹ̀kọ́ yìí dé ibẹ̀ ní ọdún 1993, agbára rẹ̀ sì ni pé ọmọ ń padà sí igbó kan náà léraléra, ó ń gun igi, ó ń dáná lójú olùkọ́, bí ó bá sì kùnà, yóò tún un ṣe títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ìrìn àjò ẹ̀ẹ̀kan sí omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ kàn ra bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ fún un, nítorí ejò.