Bí wọn kò bá jẹ̀bi, owó kí ni wọ́n ń san?

Ẹ kú àjálù, ẹ̀yin ará Kétu tí ògiri ilé bàbá yín wó nígbà tí ilé iṣẹ́ kan ń gbẹ́ kòtò àgbàrá lójúde yín. Ẹ ní wọ́n ti gbà láti sanwó, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé owó náà kò fi hàn pé àwọn jẹ̀bi, inú sì ń bí yín débi pé ẹ fẹ́ fa ìwé ọ̀hún ya. Ẹ wá béèrè pé bí wọn kò bá jẹ̀bi, owó kí ni wọ́n ń san, àti pé ṣé kí ẹ fọwọ́ sí i àbí kí ẹ gba ilé ẹjọ́ lọ.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bi ọ̀gá kìlíníìkì kan níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lójú gbogbo wa, ọkùnrin náà kò sì dáhùn. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ibà ló gbé e dé ibẹ̀. Wọ́n fa sẹ́rọ́mù sí i lápá ọ̀tún, abẹ́rẹ́ yẹ̀ kúrò nínú iṣan, oògùn tó wà nínú omi náà wá ń dà sínú ẹran ara rẹ̀ mọ́jú. Ó ń ké pé apá ń ta òun, wọ́n ní kó fara dà á. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, apá ti wú, awọ ibẹ̀ ti dúdú. Egbò náà jinná nígbẹ̀yìn, àmọ́ ìka méjì kò ká dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń fi àlùmọ́gàjí jẹun láti ìgbà ọmọge ni mo ń sọ yìí. Ọ̀ràn náà pẹ́ nílẹ̀. Èmi ni mo ń gbé ìwé lọ gbé ìwé bọ̀ láàárín avoká wa, ìyẹn lọ́yà, àti tiwọn, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Gbólóhùn tó bí yín nínú yẹn, ẹlòmíràn ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹni àkọ́kọ́ ni ilé iṣẹ́ asiráńsì wọn. Àwa orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà ní ìwé òfin asiráńsì kan náà, Code CIMA ni wọ́n ń pè é. Ní Yaoundé ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn tó bí i, ní oṣù Keje ọdún 1992. Òfin yẹn gba ilé iṣẹ́ asiráńsì láyè láti kọ ọ́ sínú ìwé oníbàárà wọn pé bó bá lọ dá gbà pé òun jẹ̀bi, tàbí tó bá lọ dá parí ìjà lẹ́yìn wọn, ọ̀rọ̀ náà kò kàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kó yé yín: ọ̀gá tó bá la ẹnu pé "àwa la fà á", ó lè di pé àpò ara rẹ̀ ni yóò ti san gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí avoká wa ṣí ojú ìwé yẹn fún wa ni mo tó mọ ìdí tí ọkùnrin náà fi ń wolẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kejì ni àwọn mìíràn tó fara gbá. Ṣé ilé bàbá yín nìkan ni kòtò yẹn gba iwájú rẹ̀ kọjá? Bí wọ́n bá kọ ọ́ fún yín pé àwọn jẹ̀bi, ọ̀la ni ará ilé kejì yóò gbé ẹ̀dà ìwé yẹn dání, tí yóò sì ní ògiri tòun náà ti sán. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abidjan ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, nígbà tí wọ́n da ìdọ̀tí olóró tó ti inú ọkọ̀ ojú omi Probo Koala wá káàkiri ìlú. Trafigura, ilé iṣẹ́ olówò epo, ló háyà ọkọ̀ náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2007, ó san bílíọ̀nù 95 sẹ́fà fún ìjọba Côte d'Ivoire, ó ní òun kò gbà pé òun ṣẹ̀, ìjọba sì jáwọ́ nínú ẹjọ́ tó fẹ́ bá a ṣe. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ kan àti ààbọ̀ ènìyàn, ìyẹn 30,000, tún pè é lẹ́jọ́ ní London, ẹjọ́ yẹn sì parí ní 2009. Ó san mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn, ó tó ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn kan náà ló sì kọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ti sọ pé òun jẹ̀bi nínú ìwé ti 2007 ni, kí lẹ rò pé àwọn avoká London ì bá fi ìwé náà ṣe?

Ẹ tún kíyè sí i pé "a kò gbà pé a jẹ̀bi" kò sọ ẹnikẹ́ni di aláre. Ní 2010, ilé ẹjọ́ kan ní Amsterdam dá Trafigura yẹn kan náà lẹ́bi, ó sì bu ìtanràn mílíọ̀nù kan yúrò lé e, nítorí bó ṣe kó ìdọ̀tí náà jáde nílẹ̀ wọn lọ́nà tí kò bófin mu. Àdéhùn Abidjan kò pa adájọ́ ibòmíràn lẹ́nu mọ́. Bákan náà ni níbí: ìwé òfin ìlú tí a jogún lọ́wọ́ Faransé sọ ọ́ kedere pé ẹni tí nǹkan ṣe lè parí ọ̀rọ̀ owó tirẹ̀, àmọ́ ìyẹn kò ní kí porokirẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ọ̀daràn lẹ́jọ́, má pe ẹjọ́ bí ọ̀ràn bá wà níbẹ̀. Porokirẹ̀ ni ẹnì kẹta tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ìwé tí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn kọ pé "àìbìkítà wa ló ṣe é" lè dé orí tábìlì rẹ̀.

Èyí tó kù ni ohun tó lè jáde bí ẹjọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ní tiwa, avoká wọn ò tiẹ̀ fẹ́ dá wa lóhùn fún ìgbà pípẹ́. Ìyá ẹni ọdún báyìí, wọ́n ní ara rẹ̀ ló gbóná jù, wọ́n ní òun ló ń mi apá. Ọjọ́ tí avoká tiwa bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n pàṣẹ kí kìlíníìkì gbé ìwé tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kọ iṣẹ́ òru wá, ni ohùn yí padà. Ó hàn gbangba pé nǹkan wà nínú ìwé náà tí wọn kò fẹ́ kí a kà sókè níwájú èrò. Bí àwọn ńlá ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Ìdílé Ken Saro-Wiwa àti àwọn ará Ogoni mìíràn pe ilé iṣẹ́ epo Shell lẹ́jọ́ ní New York, wọ́n ní ó lọ́wọ́ sí bí ìjọba ológun Nàìjíríà ṣe pa á pẹ̀lú àwọn mẹ́jọ mìíràn ní 1995. Ó ku díẹ̀ kí ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2009 ni Shell gbà láti san mílíọ̀nù 15.5 dọ́là. Ó ní òun kò jẹ̀bi, àánú lòun fi ṣe é. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n tú àpótí òun wò lójú ọjà, yóò wá owó.

Ẹ̀yin náà ní ohun tí ẹ lè bẹ̀rù. Láti Kétu, ẹ ó kọ́kọ́ dé ilé ẹjọ́ Pobè. Bí ẹnì kan bá pẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó di Kútọnu. Bó bá tún kọjá ibẹ̀, ó di ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó wà lọ́dọ̀ wa níbí. Ní gbogbo àkókò yẹn, òjò yóò máa rọ̀ sínú yàrá bàbá yín. Ilé iṣẹ́ yẹn ní avoká tó ń gbowó oṣù. Ẹ̀yin, ẹran tí ẹ bá tà lẹ ó fi san tiyín.

Nítorí náà, èrò mi ni pé kí ẹ má fi agbára yín jà lórí "a jẹ̀bi". Ẹ fi jà lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Code CIMA tí mo ní ó dè wọ́n lẹ́nu yẹn náà ló sọ pé gbígbà pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí gbígbà pé ẹ̀bi ẹni ni. Ibẹ̀ ni avoká wa gbà wọlé. A jẹ́ kí wọ́n fi gbólóhùn wọn sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé, àmọ́ lókè, a ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ní òru ọjọ́ báyìí, abẹ́rẹ́ kúrò nínú iṣan, oògùn dà sínú ẹran ara, aláìsàn ké, wọn kò sì yọ abẹ́rẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n jà lórí ìdajì tó kẹ́yìn yẹn ju owó lọ. Wọ́n ní kí a kọ "wọ́n yọ abẹ́rẹ́ ní òwúrọ̀". A kọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí igbe òun kò bá sí nínú ìwé, òun kò ní fọwọ́ sí i. Ó wọ inú ìwé. Tiyín lè jẹ́ pé: wọ́n gbẹ́ kòtò jìn tó báyìí, ó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé tó báyìí, wọn kò fi igi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òjò rọ̀, ògiri wó. Ẹnikẹ́ni tó bá kà á yóò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ní ti ẹ̀bẹ̀, ó ṣeé gbà láìsí nínú ìwé. OHADA, àjọ tó ń ṣe òfin òwò kan náà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ní òfin lórí ìlàjà, wọ́n ṣe é ní Conakry ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ó sì kàn wá ní Benin. Ohun tí ẹnì kan bá sọ níwájú olùlàjà, títí kan pé ó jẹ́wọ́, kò ṣeé gbé lọ sí ilé ẹjọ́ láti fi bá a ṣẹjọ́. Nítorí pé ó mọ èyí, ọ̀gá kìlíníìkì yẹn dìde lọ́jọ́ ìlàjà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ forí jì wá, ó yẹ kí wọ́n ti dá yín lóhùn lóru yẹn." Ẹ̀gbọ́n mi sunkún títí. Ọ̀rọ̀ yẹn wúlò fún un ju owó gbà-má-bínú lọ, ó sì ṣì ń sọ ọ́ dòní. Ẹ béèrè fún olùlàjà, ẹ béèrè pé kí ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ wá, kí wọ́n má rán akọ̀wé.

Ohun tó ṣì ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe fẹ́ pa wá lẹ́nu mọ́. Wọ́n fẹ́ kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ rí. A gbà láti fi orúkọ wọn àti iye owó pamọ́, mo sì ń pa á mọ́, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní apá òun ni, òun ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba ló ṣẹ̀, tàbí ìjọba ló ń bá ilé iṣẹ́ kan parí ìjà lórúkọ aráàlú, mo rò pé kò yẹ kí wọ́n fi òtítọ́ pamọ́ rárá. Ní 2011, adájọ́ Jed Rakoff ní New York kọ̀ láti fọwọ́ sí àdéhùn mílíọ̀nù 285 dọ́là tí àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ìpín ìdókòwò fẹ́ bá báńkì Citigroup ṣe, nítorí pé kò sí ẹni tó jẹ́wọ́ ohunkóhun nínú rẹ̀, aráàlú kò sì ní mọ òótọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga ju tirẹ̀ lọ yí i padà ní 2014. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ Rakoff ni mo wà. Ẹni tí apá rẹ̀ rọ lè yàn láti gba owó kó lọ sinmi. Ìjọba tó ń ṣe é lórúkọ gbogbo wa kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ mọ̀ pé ẹ kò lè padà wá sọ pé owó ti kéré jù. Ìwé òfin ìlú wa ka àdéhùn ìparí-ìjà sí bí ìdájọ́ tí kò sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn mọ́. Àmọ́ ohun tí wọ́n dárúkọ nínú rẹ̀ nìkan ló parí. Fún ìdí yìí, bí ẹ bá rí "gbogbo ẹ̀tọ́ yòówù" níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ògiri wo, yàrá wo, ìsán wo. Ẹ mú bíríkìlà tí kì í ṣe tiwọn wá yẹ ìpìlẹ̀ wò, nítorí ohun tí òjò yóò fi hàn lẹ́yìn ọ̀la, ẹ kò tíì rí i báyìí. Ẹ má jáwọ́ nínú ohunkóhun kí owó tó wọlé. Ẹ sì gbé ìwé náà lọ sí iwájú adájọ́ kó fi òǹtẹ̀ lù ú, kó má baà jẹ́ pé ẹjọ́ tuntun lẹ ó tún pè bí wọ́n bá kọ̀ láti san.

Ẹ ò sọ bóyá bàbá ṣì wà láyé. Bí wọ́n bá ti lọ, tí ẹ kò sì tíì pín ilé náà, ìbuwọ́lù ẹnì kan ṣoṣo nínú yín kò tó. Ilé iṣẹ́ yẹn lè gba ìbuwọ́lù yín lónìí, kí àbúrò yín kan tó wà ní Kútọnu sì sọ lọ́la pé òun kò mọ̀ sí i, owó á dúró, ìjà á wá di ti inú ilé. Ẹ pe ara yín jọ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, kí gbogbo ọmọ bàbá fọwọ́ sí ìwé kan pé ẹni báyìí ló ń ṣojú àwọn.