Ṣé òótọ́ ni pé àdéhùn ECOWAS kò de Nàìjíríà?

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń ra ọ̀pẹ̀yìnbó àti ìrẹsì ní ìhà Kútọnu, mo sì ń kó wọn gba Ìdí-Ìrókò wọlé. Ẹnì kan ta ìwé fún mi ní bodè, ó ní ìwé ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni, pé tí mo bá ti fi hàn, kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo ẹrù mi. Nígbà tí mo pariwo àdéhùn, ọ̀gá kan ní ECOWAS kì í ṣe òfin Nàìjíríà, pé bí ìjọba bá tún fẹ́ ti bodè bíi ti 2019, kò sí ẹni tó máa bi í. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé mo lè pè wọ́n lẹ́jọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí ẹ kò ní fẹ́ gbọ́. Ìrẹsì tí wọ́n gbìn ní Thailand, tí ọkọ̀ ojú omi gbé dé èbúté Kútọnu, kò di ọmọ ECOWAS nítorí pé ó sun oorun díẹ̀ níbẹ̀. Láti 2016 pàápàá ni Nàìjíríà ti ní kí ìrẹsì òkèèrè má gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ọ̀pẹ̀yìnbó yín yàtọ̀. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ Aladá ní Bẹ̀nẹ̀ tàbí agbègbè rẹ̀ ló ti hù, àdéhùn náà yọ ọ́ kúrò nínú owó bodè, bó ṣe yọ gàrí, ata, ẹja, ẹran ọ̀sìn àti ohun tí a fọwọ́ hun. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò nílò ìwé ibi tó ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè béèrè ìwé àyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn, nítorí kòkòrò àti àrùn. Ọjà ilé iṣẹ́ ńlá ló ń gba ìwé ibi tí wọ́n ti ṣe é, orílẹ̀-èdè tí ilé iṣẹ́ náà wà ló sì ń fún wọn. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà lábẹ́ igi. Ẹ má tún fi ìwé tí ẹ rà yẹn han aṣọ́bodè kankan mọ́. Ìwé ayédèrú lè sọ ọ̀rọ̀ owó bodè di ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yẹn gan-an ló mú mi jókòó kọ ìdáhùn yìí, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn lọ́yà ẹlẹgbẹ́ mi: pé àdéhùn tí Ilé Aṣòfin kò sọ di òfin, bébà lásán ni. Ìdajì òótọ́ ni, ìdajì náà ló sì ń ṣi èèyàn lọ́nà. Abala 12 nínú ìwé òfin Nàìjíríà sọ pé àdéhùn tí a bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kò ní agbára òfin nílé wa àfi tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Kóòtù tó ga jù lọ tún un sọ ní 2000, nínú ẹjọ́ Gani Fawehinmi àti Abacha. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé èmi àti ẹ̀yin kò lè gbé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lọ síwájú adájọ́ ní Abẹ́òkúta, kí a ní kó fi dájọ́. Kò túmọ̀ sí pé Nàìjíríà kò jẹ ẹni tó bá ṣàdéhùn ní nǹkan kan.

Òfin mìíràn ló wà láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Àdéhùn Vienna, èyí tó sọ bí orílẹ̀-èdè ṣe gbọ́dọ̀ máa mú àdéhùn ṣẹ, tí Nàìjíríà wọ̀ ní 1969, sọ ní abala 26 pé àdéhùn tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ de àwọn tó ṣe é, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi òtítọ́ inú mú un ṣẹ. Abala 27 ní kí ẹnikẹ́ni má fi òfin ilé rẹ̀ ṣe àwáwí. Baálé tó lọ bá àna rẹ̀ ṣàdéhùn kò lè padà lọ wí pé àwọn ọmọ òun nílé kò tíì gbà. Abala 18 tún wá le sí i: ẹni tó ti buwọ́ lu àdéhùn, bí kò tilẹ̀ tíì parí ètò tó kù nílé, kò gbọdọ̀ ṣe ohun tí yóò ba ìdí tí wọ́n fi ṣe é jẹ́.

Ẹ wá wo 2019. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu àdéhùn òwò gbogbo Áfíríkà (AfCFTA) ní Niamey. Kí ó tó pé oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, a ti ti bodè orí ilẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹjọ, ní Yokohama ní Japan, Buhari ṣàlàyé fún Ààrẹ Talon ti Bẹ̀nẹ̀ pé fàyàwọ́ ìrẹsì ló fà á. Bodè ti tì nígbà yẹn.

Ẹ̀dùn ọkàn Nàìjíríà kì í ṣe irọ́ o. Ìrẹsì tó ń gba èbúté Kútọnu wọlé pọ̀ ju èyí tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ lè jẹ tán, gbogbo ayé ló sì mọ ibi tó ń lọ. Ìjọba tó ń gba owó lórí ẹrù tó mọ̀ pé fàyàwọ́ ni yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀, òun náà kò fi inú kan bá ẹnikẹ́ni ṣe. Ṣùgbọ́n àdéhùn ECOWAS tí wọ́n tún ṣe ní Kútọnu ní 1993 ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún irú wàhálà yìí. Bí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè kan bá fẹ́ dàrú, kó kọ́kọ́ fi tó ECOWAS àti àwọn tó kù létí, kó wá gbé ìgbésẹ̀ tó bá yẹ. Ìgbésẹ̀ náà kò gbọdọ̀ ju ọdún kan lọ, àfi bí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà bá fọwọ́ sí i. Tiwa gba nǹkan bí oṣù 16, ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí bodè Sẹ̀mẹ̀. Èyí ni mo fi ń sọ pé òtítọ́ inú kì í ṣe ojo. Kò ní kí ẹ má jà fún ìrẹsì yín. Ó ní kí ẹ sọ fún ẹnìkejì yín kí ẹ tó tilẹ̀kùn, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ máa ṣí i.

Mo ní oníbàárà kan tó ń ṣe ike ní Ọ̀tà. Ọjà rẹ̀ ní ìwé ECOWAS tòótọ́, Accra ló ń kó o lọ. Ọkọ̀ rẹ̀ há sí Sẹ̀mẹ̀ títí owó awakọ̀ àti owó ìdúró fi jẹ èrè rẹ̀ tán. Kò ṣe fàyàwọ́ rí láyé rẹ̀. Títí di òní, àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Gánà ń béèrè bóyá bodè yóò ṣí lóṣù tó ń bọ̀ kí wọ́n tó sanwó, mi ò sì lè bá wọn jiyàn.

Ní ti ẹjọ́: ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí kóòtù ECOWAS ní Abuja gbọ́, ọ̀rọ̀ bodè yìí náà ni. Oníṣòwò kan pe Nàìjíríà nítorí bodè Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n tì ní oṣù kẹjọ 2003. Ní 2004, kóòtù ní òun kò lè gbọ́ ọ, nítorí àwọn orílẹ̀-èdè ló láṣẹ láti wá, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní 2005 ni wọ́n tún òfin náà ṣe, tí ẹnikẹ́ni fi lè wá bí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rẹ̀ lójú. Owó bodè tí wọ́n gbà ní ọ̀nà àìtọ́ nìkan kò tíì gbé yín dé ibẹ̀. Nítorí náà, bí lọ́yà kan bá ní kí ẹ sanwó kí òun gbé ìrẹsì yín lọ sí Abuja, ẹ sá fún un.

Mi ò tíì rí ìwé ẹrù yín, ẹ má ṣe ka èyí sí ìmọ̀ràn tó parí. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí Ìdí-Ìrókò lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ béèrè ìwé tó sọ ohun tí wọ́n gbà àti ìdí tí wọ́n fi gbà á. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ̀pẹ̀yìnbó lọ́tọ̀, kí wọ́n kọ ìrẹsì lọ́tọ̀. Kíá ni kí ẹ mú un lọ bá lọ́yà tó wà nítòsí yín, nítorí ọjọ́ tí òfin fún yín láti béèrè ẹrù yín kò pọ̀. Ti ọ̀pẹ̀yìnbó ni kí ẹ jà fún. Ẹ gbàgbé ti ìrẹsì.