Ṣé 1/50 Sàn Ju 17/50 Lọ?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ajárá ní Àgbádárìgì ni mò ń gbé. Lọ́dún tó kọjá mo ra àwòrán etching (èyí tí wọ́n ń ya sára irin, tí wọ́n wá ń tẹ̀ sórí ìwé) ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ilé ìjọba òyìnbó tó wà ní Marina wa, ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà. Wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ 17/50 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọkọ ọmọ mi ní 1/50 ló níye lórí, pé àṣẹ́kù ọjà ni wọ́n tà fún mi. Aládùúgbò mi kan náà ra 31/50, ṣùgbọ́n tiẹ̀ dúdú ju tèmi lọ. Ṣé ayédèrú ni ọ̀kan nínú wọn? Àmì kan tó pọ́n bí ìpẹtà sì ti ń yọ lára tèmi.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìnáwó. Ẹ̀yin olùkọ́ lẹ máa ń fi nọ́ńbà to ọmọ: ẹni kìíní, ẹni kẹtàdínlógún. Nọ́ńbà ti ìsàlẹ̀ àwòrán kò rí bẹ́ẹ̀. 50 ni iye ẹ̀dà tí oníṣẹ́ náà ṣèlérí pé òun ò ní kọjá; 17 kàn ń sọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú wọn ni. Èmi gan-an, tí mo bá tẹ̀ wọ́n tán, orí okùn ni mò ń sá wọn sí. Bí wọ́n bá gbẹ, èyí tí ọwọ́ mi bá kọ́kọ́ bà ni mò ń kọ 1 sí. Ó lè jẹ́ èyí tí mo tẹ̀ gbẹ̀yìn pátápátá.

Àmọ́ ọkọ ọmọ yín ò purọ́ tán. Irú àwòrán kan wà tí wọ́n kàn ń fi abẹ́rẹ́ họ sára irin láìlo asíìdì. Etí ojú ilà rẹ̀ máa ń ta sókè, òun ló ń gba tàdáà tó fi ń rí múlọ́múlọ́. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ bí ogún ìgbà sí ọgbọ̀n, á ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Nínú ìyẹn, àkọ́tẹ̀ lọ̀gá. Tiyín kọ́ nìyẹn, bí ó bá jẹ́ etching lóòótọ́.

Ní ti dúdú àti àìdúdú, ọwọ́ ni. A máa ń fi ìda bo ojú sínkì tàbí bàbà, a ó fi abẹ́rẹ́ ya ilé náà sínú ìda, a ó wá rì í sínú asíìdì. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti ṣí nìkan ni asíìdì á jẹ. Bó bá ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni ojú ilà á ṣe jìn tó. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìda kúrò, a ó fi tàdáà kun gbogbo rẹ̀, a ó sì nù ún, kó ku ti inú ilà nìkan. Ìnù yìí gan-an niṣẹ́. Aṣọ kan tó rí bí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó gba sítáàṣì la fi ń bẹ̀rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ la fi ń parí. Lọ́jọ́ tí ara mi bá yá, mò ń nù ún mọ́ tónítóní. Lọ́jọ́ tí ooru bá mú, tí ó ti rẹ̀ mí, tàdáà díẹ̀ á ṣẹ́ kù lójú irin, ojú ọ̀run á sì ṣú lórí ilé. Ó jọ pé ọjọ́ tó rẹ oníṣẹ́ tó ṣe tiyín ló tẹ 31.

Bí ẹ bá ṣì ń fura, ẹ yọ méjèèjì kúrò nínú férémù, ẹ gbé wọn sẹ́bàá fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kàn wọ́n. Ìwé tó lọ́rinrin la fi ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ tó ń tẹ irin mọ́ ìwé sì wúwo, nítorí náà etí irin gbọ́dọ̀ tẹ ìwé wọnú yí àwòrán ká. Ẹ rọra fi ìka kàn án, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ojú ilà: tàdáà á ga díẹ̀ lórí ìwé. Bó bá jẹ́ tótòtó kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi lẹ rí, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló bí i, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì yín ti lọ nìyẹn.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ilé yẹn kì í ṣe ti ìjọba o. Àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́ ọ. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1842, ó parí ní 1845. Ọdún 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó! Àjàyí Crowther náà gbé inú rẹ̀.

Àmì tó pọ́n yẹn, ọ̀rinrin ló fà á. Ọ̀sà ò jìnnà sí wa. Ẹ má fi bílíìsì kàn án rárá. Ẹ bi kafíńtà bóyá ó fi gíláàsì lé ojú ìwé gan-an, tàbí ó fi páálí lásán sẹ́yìn rẹ̀. Kó fi àyè díẹ̀ sáàárín wọn, kó sì wá páálí tí kò ní asíìdì. Ẹ gbé e kúrò lára ògiri tí òjò ń pa, ẹ má sì gbé e sójú oòrùn.

Nígbà tí èmi kọ́kọ́ ya ilé yẹn, mo kọ 1845 sára pátákó iwájú rẹ̀ bí a ṣe ń kà á. Mo gbàgbé pé bíi ti inú dígí lohun tó wà lára irin ń jáde sórí ìwé. Ogún ẹ̀dà ni mo ti tẹ̀ kí ọmọ mi tó bi mí pé kí ni 5481. Ọ̀kan ṣì wà lógiri yàrá mi. Kì í ṣe títà.